Pínpín Yàrá Ọdún Tó Ń Bọ̀

“Ìròyìn ayọ̀ nìkan o, Àǹtí,” ni ọ̀gá ilé-ìwé wa wí. Ó na máìkì sí mi, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. “Ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ògiri. Ẹ ò gbọdọ̀ sunkún. Àwọn òbí wá ṣe àjọyọ̀ òpin ọdún ni.”

“Mo gbọ́, mà.”

“Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àmúwá Ọlọ́run ni.”

Ṣé Ọlọ́run ló wá po yanrìn rẹpẹtẹ mọ́ sìmẹ́ǹtì bíńtín? Ọmọ mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, fẹ̀yìn ti ògiri kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ òjò, ó ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, ni ògiri bá ya lù ú. Agbaṣẹ́ṣe kan tí gbogbo wa ń pè ní Kíákíá ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ẹlòmíì ń fi odidi sáà ṣe, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí rẹ̀. Nígbà tó ń mọ ògiri yẹn náà ló ń mọ ọgbà yí ilé ọ̀gá wa ká lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì láti ilé-ìwé lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ a sì yà fún ọkọ̀ náà kó lè kọjá. Ọgbà ọ̀gá ṣì dúró digbí títí dòní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn méjèèjì wá bá mi nílé. Kíákíá ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Ọ̀gá ní bí mo bá pariwo, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, àti pé ta ni yóò gba opó tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́? Mo fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Wọ́n rò pé mo ti dárí jì wọ́n, ọ̀gá sì tún gbé iṣẹ́ ilé kíláàsì tuntun, oníyàrá mẹ́fà, fún Kíákíá kan náà.

Ní ilé-ìwé wa, a kì í lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri. Lọ́jọ́ ìparí ọdún, Àǹtí kíláàsì kẹta, ìyẹn èmi, ni yóò máa pe àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan lójú gbogbo òbí. Ọmọ tí mo bá pè á sáré lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí yóò lò lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà ni mo máa ń ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá pè mí sínú ọ́fíìsì rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

“Ẹ kó ọmọ àwọn bíríkìlà àti àwọn tó ń tajà létí títì sínú ilé tuntun,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí àwọn náà gbádùn.”

“Àwọn ọmọ alága ẹgbẹ́ òbí àti ti àwọn olówó yòókù ńkọ́, mà?”

“Kí àwọn yẹn wà nínú ilé òkúta àtijọ́. Ó ti mọ́ wọn lára.”

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí. Ìgbà wo ni nǹkan tuntun dé ilé-ìwé wa rí tí kì í ṣe ọmọ olówó ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án? Àṣé wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ilé náà kò ní pẹ́ wó, wọ́n sì ti yan ọmọ tí yóò wó lé. Bí mo bá sì là á mọ́lẹ̀, wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ló ń da orí mi rú.

“Ó dáa, mà,” ni mo wí. Mo padà sí kíláàsì mi, mo sì tún gbogbo rẹ̀ pín.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí mo dúró síwájú àwọn òbí lábẹ́ kánópì, tí mo ń ka ìròyìn ọdún. Ọmọ kíláàsì kẹfà kan ló gba ipò kìíní nínú ìdánwò gbogbo àgbègbè. Àwọn eléré-ìje wa gba ife-ẹ̀yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà ọ̀kan já, tó sì fi ẹsẹ̀ lásán parí eré rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà ìṣirò gbéyàwó. Wọ́n hó yèè. Lọ́dún tó ń bọ̀, a máa ra kọ̀ǹpútà, a máa gbin igi yí pápá ká, a sì máa ṣí ilé tuntun. Kíákíá dìde, ó juwọ́ sí wọn bí olóṣèlú. Nínú gbogbo ìròyìn ọdún yẹn, kò sí ọmọ mi níbẹ̀.

“Ó wá ku pínpín yàrá,” ni mo wí. “Ilé tuntun la ó fi bẹ̀rẹ̀.”

Mo pe ọmọ Kíákíá obìnrin. Mo pe ọmọ-ọmọ ọ̀gá. Mo pe ìbejì alága ẹgbẹ́ òbí. Àwọn ọmọ ń sáré lọ, àtẹ́wọ́ ń ró. Ọ̀gá fi ẹ̀rín bojú, ó sún mọ́ mi.

“Àǹtí, ẹ ti ṣì í kà.”

“Rárá, mà,” ni mo wí sínú máìkì. “Ọmọ ẹni ńlá ló yẹ ilé ńlá.”

Àtẹ́wọ́ tún pọ̀ sí i. Àfi bí ọmọ Kíákíá ṣe ṣí ilẹ̀kùn, tó wọlé lọ láti yan àga tó wù ú.

Kíákíá fò dìde. Àga rẹ̀ ṣubú. Ó sá la pápá kọjá, ó ń ké pé, “Jáde níbẹ̀! Mo ní kí o jáde!” Ó fa ọmọ náà lápá bọ́ síta, ọmọ ń sunkún pé òun kò tíì yan àga òun.

“Kí ló dé, sà?” ni mo bi í, gbogbo pápá sì gbọ́. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.”

“Ọmọ tèmi kò ní jókòó síbẹ̀!”

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ kó mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn máa sáré, kó má sì mọ̀ bóyá òun á yá ju ògiri lọ. Òun bá ọmọ tirẹ̀. Èmi ò bá tèmi.

Obìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. Òun ló ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì wa. Ọ̀gá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ilé tuntun ni ọmọ rẹ̀ máa lò, ìdí nìyẹn tó fi wọ aṣọ tó dára jù, tó wá dúpẹ́. Ó rìn lọ bá Kíákíá.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ tèmi ńkọ́?”

Kíákíá wo ọ̀gá. Ọ̀gá kọjú sí mi.

“Ẹ pa máìkì yẹn, Àǹtí.”

Mi ò pa á. Àwọn òbí ti ń dìde níkọ̀ọ̀kan. Mo gbé máìkì náà lọ bá Kíákíá, mo sì fi sí i lẹ́nu.

“Ẹ dá ìyá lóhùn, sà.”