Iṣẹ́ Abẹ Méjì Lọ́jọ́ Kan

Ní ilé ìwòsàn kan ní Kánò, dókítà kan tó jẹ́ ará Íjíbítì fi ìka tẹ ikùn Bàbá Olújìmí, ó tún un tẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó ṣàlàyé. Fúnlọ́lá, ọmọbìnrin bàbá, ni ògbufọ̀. Iṣan ọkàn bàbá ti dí; wọn yóò yọ iṣan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọn yóò fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀. Iṣan ńlá inú ikùn náà ti wú, ó lè bẹ́ nígbàkigbà. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe ti ọkàn, ti ikùn lè bẹ́ kí ara tó kọ́fẹ. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe ti ikùn, ọkàn kò ní lè gbà á. Nítorí náà, àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣe méjèèjì lórí tábìlì kan náà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó léwu púpọ̀ fún arúgbó. Àìṣe é léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fúnlọ́lá yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní àwọn máa tún ọkàn yín ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù."

Òun àti ìyá rẹ̀ ti gbọ́ nípa àìsàn náà ṣáájú; bí wọ́n ṣe fẹnu kò sí nìyẹn láàárọ̀, nínú ilé wọn ní Sabon Gari. Ta ni yóò dúró níwájú àgbà, kó máa sọ fún un pé ikú ń bẹ nínú ikùn rẹ̀? Bó bá sì gbọ́, ó dá wọn lójú pé yóò ní òun kò lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ ní Kánò láti ìgbà èwe kì í ṣe ẹni tí a ń tàn bí ọmọdé. Bàbá wo dókítà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ dókítà gùn, Fúnlọ́lá. Tìrẹ kúrú."

Bàbá kọjú sí nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi Haúsá bèèrè ohun tí dókítà sọ. "Malama, me likita ya ce?" Nọ́ọ̀sì, ọmọ àdúgbò Tarauni tí kò mọ àdéhùn ẹnikẹ́ni, fi Haúsá tú gbogbo ohun tí dókítà wí palẹ̀ fún un. Ẹ wo àṣìṣe ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò! Ó ti ilẹ̀kùn Yorùbá, ó gbàgbé pé ti Haúsá ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ojú ti Fúnlọ́lá. Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń là á já. Dókítà kò purọ́: àwọn kan ń jí, àwọn kan kì í jí. Bàbá ní kí wọ́n ṣe é.

Nínú takisí Pijó, ní Airport Road, Fúnlọ́lá bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má bínú.

"Ẹ̀yin rò pé ẹ̀rù á bà mí," ni bàbá wí. "Ó sì bà mí. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Bí n kò bá jí, ẹ má gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kánò ni kí ẹ sin mí sí."

"Bàbá, ilé tí ẹ kọ́ síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú oko yìí ni mo ti bí gbogbo yín."

Fúnlọ́lá sunkún. Ká ní bàbá gba irọ́ òun gbọ́ ni, bí nǹkan bá yíwọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọn ì bá gbé e lọ, wọn ì bá sì máa dúpẹ́ pé àwọn ṣe ohun tó fẹ́.