Ẹni Tó Wẹ Adéṣínà

"Màlúù ni! Màlúù ni mo wí, kì í ṣe àgbébọ̀ adìyẹ! Ṣé ológbò ló kú ni?"

Ohùn Fàsásì ló ń mi ògiri bẹ́ẹ̀, nínú yàrá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìgbògbò, nígbà tó ku ọjọ́ méje kí wọ́n ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ fún ẹ̀gbọ́n náà. Ó wọ agbádá léèsì nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Fìlà Alájì wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kà tó mọ̀ kò kọjá èyí tó wà lára kàlẹ́ńdà. Ó so fóònù kọ́ ọrùn bí ẹni tí gómìnà fẹ́ pè. Láti àárọ̀, fóònù náà kò tíì dún.

"Ẹ rọra, Bọ̀ọ̀dá Fàsásì," Fàlílátù dá a lóhùn láti orí ẹní. "Ọlọ́run tí ẹ fẹ́ pa màlúù fún kò dití."

"Háà! Ẹ gbọ́ ẹnu opó!" Sìlífátù, ìyàwó Fàsásì, pàtẹ́wọ́. "Ẹni tí kò sunkún ọkọ rẹ̀!"

Ẹ má dá Sìlífátù lóhùn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, òun sunkún débi pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ẹ̀ já. Ó dá ẹkún dúró díẹ̀, ó béèrè bóyá ìrẹsì ti jinná, wọ́n ní ó kù díẹ̀, ló bá tún mú ẹkún láti ibi tó fi í sí.

Ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n torí rẹ̀ kó ara wọn wá. Ọkọ̀ Adéṣínà olóògbé ni, òun àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó wà létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Láti ọjọ́ tí ìjì ti gbé Adéṣínà lọ, Israel, ẹnìkejì rẹ̀ nídìí ẹja pípa, ló ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́. Israel kì í kírun, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni apẹ̀rẹ̀ ẹja tirẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà opó, ẹpìyà àti òbòkún. Fàlílátù kò tíì parí opó, kò lè jáde. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń yan ẹja náà, àwọn oníbàárà a sì wá bá a nílé. Nínú èéfín yẹn ni ọmọ mẹ́ta ti ń jẹun, tí wọ́n sì ń lọ sí ilé ìwé.

Ọkọ̀ yìí ni Fàsásì fẹ́ tà, kó fi ra màlúù, kó pe àwọn àlùfáà, kó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ orí igi.

"Kí Ìkòròdú lè gbọ́," ó ní.

"Ẹ̀yìn màlúù ńkọ́?" Fàlílátù béèrè. "Kí ni àwọn ọmọ á jẹ?"

"Ọlọ́run á pèsè! Àbí o ò nígbàgbọ́ ni?"

Ìgbàgbọ́! Fàlílátù tí ń dìde ní àsùbáà, tí ń kírun, tí ń ká ẹní, tí ń lọ koná mọ́ ẹja láì jí ẹnikẹ́ni, òun ni Fàsásì ń kọ́ ní ìgbàgbọ́. Fàsásì tí ìmáàmù kò dá mọ̀ bí kì í bá ṣe ọjọ́ Iléyá.

Bàbá Ọláwuyì, àgbà ẹbí, wúkọ́. Màrìwò ọ̀pẹ ni bàbá yìí: ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ló ń tẹ̀ sí.

"Nínú ẹbí tiwa," ó ní, "ẹni tó bá wẹ òkú ló lẹ́nu nínú ọ̀ràn òkú. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ta ló wẹ Adéṣínà?"

"Èmi ni!" Fàsásì lu àyà.

Fàlílátù wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìjì ni ọ̀sà tó da Adéṣínà sí èbúté ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kan létí omi, àlùfáà àgbà kan pọn omi, ó ní kí àbúrò òkú wá. Fàsásì wo ojú òkú lẹ́ẹ̀kan, ó di imú, ó ní òun ń lọ ra lọ́fíńdà tí wọ́n máa dà sómi. Lọ́fíńdà náà kò tíì dé títí di òní. Àlùfáà yíjú sí Fàlílátù, ó ní ìyàwó lẹ́tọ̀ọ́ láti wẹ ọkọ rẹ̀. Fàlílátù ká aṣọ kò, ó wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ohun tí ojú rẹ rí níbí, bò ó," àlùfáà sọ fún un. "Ẹni tó bá bo àṣírí òkú, Ọlọ́run á bo tirẹ̀."

Ó sì bò ó. Ìgbà tí wọ́n fi aṣọ funfun wé òkú tán ni Fàsásì yọ, ó lọ jókòó sí iwájú mọ́tò. Kí wọ́n tó dé Ìgbògbò, ó ti di ẹni tó wẹ òkú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìtàn ti gun ìtàn: ó ní ìka ìjúwe ẹ̀gbọ́n òun nà gbọọrọ, bí ẹni tó ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ni. Gbogbo àdúgbò kí Alihamudulilai. Sọ̀fíyàt, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí Adéṣínà fẹ́ràn jù, gbá ìtàn náà mú. Bó bá fẹ́ sùn, òun náà a na ìka tirẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi panu mọ́.

"Ìyá Sọ̀fíyàt, o gbọ́," Bàbá Ọláwuyì wí. "Fàsásì ló wẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n lọ mú ọkọ̀ náà lọ́la."

"Ẹ jẹ́ n búra fún un, kó má baà rò pé irọ́ ni!" Fàsásì ti na ọwọ́ sí Àlùkùránì lórí àpótí, láì ṣe àlùwàlá. "Mo fi èyí búra. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi ni mo dì mú báyìí, tí mo ń bu omi sí i. Ìka rẹ̀ nà gan-an! Kí n má rí Àlùjánńà bí mo bá purọ́!"

Sọ̀fíyàt dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

"Sọ̀fíyàt," ìyá rẹ̀ pè é, "lọ bá mi yí ẹja, kó má jó."

Ọmọ náà lọ. Fàlílátù dúró títí ó fi gbọ́ tí irin ààrò dún lẹ́yìnkùlé. Ó gbójú sókè.

"Bọ̀ọ̀dá Fàsásì, ọwọ́ ọ̀tún wo? Ọ̀sà kò dá a padà. Ẹ ránṣẹ́ sí àlùfáà ní Ẹ̀pẹ́, Bàbá. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo wẹ̀."