Fírísà Inú Ọ̀rá

Tí ọmọ obìnrin bá ń lọ sílé ọkọ ní Erúnmu, ìyá rẹ̀ kì í bá a lọ. Ilé ni yóò jókòó sí, kí wọ́n wá ròyìn fún un. Nítorí náà, ìwọ̀nba ohun tí Mùsílímátù rí nínú ọjọ́ ẹ̀yẹ ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rọra lọ, tí wọn ò fi tapólì bo ẹrù inú rẹ̀, tí fírísà ńlá kan sì wà lókè téńté bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ baálẹ̀. Ọ̀nà tó yá lọ sí Alákíà, níbi tí ọkọ ń gbé, wà níbẹ̀, awakọ̀ ò gbà á. Wọ́n ti sọ fún un pé kó kọ́kọ́ yí ọjà ká, kó gba iwájú mọ́ṣáláṣí, kí gbogbo ojú tó wà nílùú lè rí i.

Ojú rí i. Ohun tí wọn ò rí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tí Mùsílímátù fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn ará oko. Ẹ̀rọ yẹn ló di fírísà, òun ló di sítóòfù gáàsì olójú mẹ́rin, òun ló di kúlà mẹ́fà tí ọ̀kan gbé èkejì mì. Mikail, ọkọ rẹ̀, ló rà á nígbà tí Hasanat, ọmọ wọn, ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Lẹ́yìn ikú Mikail, ọdún mọ́kànlá gbáko ni ẹ̀rọ náà fi ṣe baálé ilé. Òun ló bọ́ Hasanat, òun ló rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, òun ló ra híjáàbù tó ń wé kiri. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já láàárọ̀, wọn kì í dáná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mùjíbátù, àbúrò Mikail, ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Aṣọ ló ń tà ní Adégbàyí. Mùsílímátù fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọkọ ni àbúrò ọkọ, “ẹ” ni ìyàwó ilé sì gbọ́dọ̀ máa fi bá a sọ̀rọ̀, bí inú tilẹ̀ ń bí i. Ó dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ó yọ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ẹrù ìyàwó ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Ó ní ayé ti kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Ó ní ọmọ Mikail ò ní í gbé ìkòkò àti ẹní wọlé ọkọ, kí àwọn obìnrin tó máa ń dúró ka ẹrù lẹ́nu ọ̀nà wá yọ ṣùtì sí ìdílé àwọn. Mùsílímátù bi í léèrè ibi tí owó yóò ti wá. Ó yíjú sí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ páànù.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á, ìyàwó,” ló wí. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ló sì ń lọ ilé ọkọ.”

Mùsílímátù ní níbo ni ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí wà lọ́dún tí ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́, tí òun ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sí abúlé kejì, tí ẹnì kan ò yọjú wá béèrè bóyá àwọn jẹun? Ó ní ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ó ní ẹnu tó ń ka ẹrù lónìí ò ní í bọ́ òun lọ́la. Ó wá yíjú sí Hasanat, torí ó dá a lójú pé ọmọ yóò ti òun lẹ́yìn.

Hasanat ò gbójú sókè.

“Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọmọ oníẹ̀gẹ́ nílé ọkọ.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ páànù yẹn nígbà tí kò tíì lè rá, tí ariwo ẹ̀rọ yẹn máa ń mú un sùn lọ, òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mùsílímátù ò jà mọ́. Bí ọ̀tá bá lù ọ́, wàá mọ bí wàá ṣe gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọwọ́ sókè sí ọmọ tó fi ẹ̀gẹ́ tọ́? Akóredé tó ń gbé òdìkejì títì ló ra ẹ̀rọ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti rì í mọ́lẹ̀ níwájú ilé tirẹ̀.

Ọdún yí po, Hasanat bímọ, Mùsílímátù lọ sí Alákíà láti wẹ ọmọ. Ní ọjọ́ kejì, Safwan, ọkọ Hasanat, ra ẹran wálé. Ó pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè sè tán lọ. Mùsílímátù gbé èyí tó kù lọ sídìí fírísà. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣí i, ó bá bàtà gíga, ó bá léèsì mẹ́ta, ó bá àpò ìwé. Bẹ́ẹ̀ iná wà o, tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Hasanat sáré jáde láti yàrá, ó ní kí ìyá òun jọ̀ọ́ má fa ọ̀rá ya, àwọn àlejò ìsọmọlórúkọ ń bọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tuntun ni.

Ìyá Safwan wà níjòókòó. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó rí ojú Mùsílímátù, àánú sì ṣe é.

“Àna mi, ẹ má bínú,” ló wí. “Àwa ò béèrè nǹkan kan. Nígbà tí ẹrù yẹn dé, kò gba yàrá tí Safwan ń gbé. Òun ló fi wá gba ilé yìí, owó ilé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù rẹ̀ tán.”

Mùsílímátù kò mọ ẹni tí òun ì bá gbá létí nínú ara rẹ̀, Mùjíbátù àti ọmọ tó bí. Kò sẹ́ni tó béèrè. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ó pe Hasanat sẹ́yìn ilé, ó ní kí wọ́n ta fírísà náà, kí òun fi ra ẹ̀rọ òun padà lọ́wọ́ Akóredé. Ọmọ bú sẹ́kún, ó ní kí ni òun yóò sọ fún àwọn èèyàn. Mùsílímátù wẹ ọmọ títí ọjọ́ tó yẹ fi pé, kò dárúkọ fírísà mọ́, ó sì padà sí Erúnmu pẹ̀lú ìbínú tí kò rí ibi sọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé agbada ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó lọ tò sílé Akóredé bí gbogbo oníbàárà. Nimotallahi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọjà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní lẹ́yìn Iléyá ni nìkáà ìgbéyàwó ọmọ òun. Ó ní ibi gbogbo tí òun dé ni wọ́n ti ń sọ ti ẹrù Hasanat, òun ò sì ní í jẹ́ kí ojú ti ọmọ òun, òun ti rí ẹni tí yóò ra oko ọ̀pẹ òun. Ó ku kí òun mọ irú fírísà tó jẹ́.

Mùsílímátù sọ agbada kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ ga débi pé Akóredé pa ẹ̀rọ.

“Nimotallahi, gbọ́ mi dáadáa. Fírísà yẹn ṣì wà nínú ọ̀rá, bàtà ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí gbogbo wa tò sí yìí, tèmi ni. Òun ni mo tà. Má ta ọ̀pẹ rẹ. Bí wọ́n bá ń fi tèmi bú ọ, jẹ́ kí wọ́n máa bú ọ, má tà á.”

Nimotallahi mi orí, ó dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mo gbọ́, Ìyá Hasanat. Ṣùgbọ́n ṣé fírísà tó ń dúró ni, àbí èyí tó ń dùbúlẹ̀?”