Etí Àkọ́bí

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni Àbíkẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́, nídìí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni kó máa fọ ojú àwọn oníbàárà mọ́: kó pa rorẹ́ ìyàwó rẹ́, kó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá ńlá pọ̀ díẹ̀, kó sọ eyín tó pọ́n di funfun báláú. Ṣùgbọ́n tó bá ku òun nìkan, ṣe ló máa ń dojú iṣẹ́ náà dé. Yóò di imú ẹnì kan mú lójú kọ̀ǹpútà, yóò fà á, imú á gùn. Yóò fẹ iwájú orí, yóò fún àgbọ̀n pọ̀, títí onítọ̀hún á fi di ẹni tí èèyàn ò lè wò kó má rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ẹni náà ṣì ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò lè ṣì í mọ̀.

Ọ̀rọ̀ di ìjà lọ́jọ́ ìbí Àkọ́bí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pátápátá. Ọlọ́run fún ọkùnrin náà létí dáadáa, àbúrò rẹ̀ sì fi kún ti Ọlọ́run. Àwòrán yẹn dé orí fóònù gbogbo ẹbí, etí méjèèjì ṣí gbayawu bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi ẹni tó ni etí.

"Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ dàgbà?" ló wí. "Ṣé ẹ̀sín ni wọ́n ń kọ́ ẹ níbi iṣẹ́ náà ni?"

Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò rọ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ti Màmá dé. Aránṣọ ni Màmá, máṣíìnì rẹ̀ sì wà ní yàrá iwájú nínú ilé tí òun àti Àbíkẹ́yìn jọ ń gbé. Àkọ́bí wá kí i, ó sì ń fi fọ́tò hàn án lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ fi fọ́tò ara rẹ̀ hàn án.

"Bíríkìlà yẹn mà ti sanra o," ni Màmá wí.

Ó tún fi ọmọ tirẹ̀ tó ń rá kòrò hàn án.

"Ajá yìí dáa. Ṣé ó máa ń gbó?"

Àkọ́bí ò rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì pe àbúrò rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. "Orí Màmá ti ń dàrú. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń lo sísọ́ọ̀sì àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná! Ní Sátidé, gbogbo wa á péjọ. A máa ti yàrá ìránṣọ yẹn pa, màá sì gbé e lọ sọ́dọ̀ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá gba máṣíìnì lọ́wọ́ Màmá, kí ló kù fún un?"

"Ìwọ dákẹ́. Ẹ̀rín nìkan lo mọ̀."

Ẹ má fi Àkọ́bí ṣe èèyàn burúkú o. Ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ ìfẹ́ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn nígbà mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, Àbíkẹ́yìn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ṣí àwòrán etí yẹn; bóyá ó fẹ́ pa á rẹ́ ni o, bóyá ó fẹ́ fi kún un ni, òun náà ò mọ̀. Màmá ń kọjá lọ. Ó dúró, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń di ògiri mú kó má baà ṣubú.

"Ta ló ṣe àkọ́bí mi báyìí?"

Àbíkẹ́yìn yí padà wò ó. Ẹni tó pè ní bíríkìlà lánàá ńkọ́? Kíá ló ṣí fọ́tò Àkọ́bí gan-an, èyí tí kò fọwọ́ kàn. "Eléyìí ńkọ́, Màmá?"

Màmá wò ó títí. "Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ni, àbí?"

Ọ̀rọ̀ wá yé ọmọbìnrin náà. Orí Màmá pé, ojú ni kò pé mọ́. Ohùn ni Màmá fi ń mọ ẹni tó bá kí i, ìka ló fi ń mọ aṣọ. Fọ́tò kì í kí èèyàn, kò sì ṣeé fọwọ́ bà mọ̀. Nínú kùrukùru tó bo ojú rẹ̀, etí tó bá fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ọkọ̀ nìkan ló lè rí.

"Màmá, ṣé ojú yín ń ṣe bàìbàì ni?"

"Ojú tèmi kẹ̀? Ojú mi mọ́ ju tìẹ lọ, jàre!" Ó lọ bá máṣíìnì rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bínú.

Ohun tó ń ba Màmá lẹ́rù kò farasin. Ta ni yóò fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún aránṣọ tí kò ríran? Bí Àbíkẹ́yìn bá sì lọ sọ ọ́, Màmá á jiyàn lójú gbogbo wọn, ta ni yóò gba ẹlẹ́rìn-ín gbọ́? Ó di dandan kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ó tọrọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi ara ṣiṣẹ́. Ó mú fọ́tò ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ohun tí ìyá á fi mọ ọmọ rẹ̀ láàárín èrò, ìyẹn nìkan ló sì ń fẹ̀. Ó mú kí ojú dúdú sí i, kí ẹ̀yìn fọ́tò funfun kedere.

Sátidé pé. Gbogbo wọn kún yàrá iwájú. Àkọ́bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ròyìn bí Màmá ṣe pe ọmọ òun ní ajá ni Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan han Màmá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀."

Ó gbé ìwé ńlá àkọ́kọ́ sókè. Ojú Àkọ́bí le. "Ẹ̀sín ló tún gbé dé!"

"Etí rèé!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Àkọ́bí mi! Lọ́jọ́ tí etí yìí ń jáde lára mi, ẹ̀yin ò mọ ohun tójú mi rí."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Àbíkẹ́yìn gbé ìkejì sókè, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Èjí ọmọ mi obìnrin nìyẹn. Mo rán aṣọ fún un, ó ní aṣọ ti sún kì. Òun ló wú o, aṣọ ò sún kì."

Ó gbé ìkẹta sókè, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ róbótó hàn.

"Ọmọ-ọmọ mi! Ta ló pe ọmọ yìí ní ajá?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá!" ni wọ́n pariwo pọ̀. Àkọ́bí ní tirẹ̀ ti ń tẹjú mọ́ ojú ìyá rẹ̀.

Ìwé kan ló kù. Obìnrin àgbà kan ni, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ètè rẹ̀ ti yọ síta bí ẹni tó fẹ́ súfèé, píìnì aránṣọ sì há síbẹ̀ rẹ́kẹrẹ̀kẹ. Màmá wò ó. Ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó tún wò ó.

"Mo mọ ìyá arúgbó yìí," ni Màmá wí nígbẹ̀yìn. "Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì tipẹ́. Kò jẹ́ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ó rò pé wọ́n á gba máṣíìnì òun."

Àkọ́bí dìde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú máṣíìnì náà. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹnikẹ́ni ò ní gbé e kúrò níbí."

Dókítà ojú ní nǹkan funfun ló bo ẹyin ojú Màmá, ó sì ṣeé yọ. Wọ́n yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, Àkọ́bí ló sún mọ́ ọn jù, kí ó lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí. Màmá wò ó láti orí dé àgbọ̀n, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, kó tó wá yíjú sí Àbíkẹ́yìn.

"Ìwọ ọmọ yìí, o mà ṣàánú ẹ̀gbọ́n rẹ o. Etí yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

Ẹni tó ni etí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.