Ẹ̀rọ Orin Gideon

Ọdún méjì gbáko ni Gideon fi to ẹ̀rọ orin jọ ní Ìkọ̀yà. Ó ra ampilifáyà àlòkù l'Ókìtìpupa, ó tú sípíkà méjì lára rédíò tó ti kú, ó sì fi pákó kan àpótí fún wọn. Iṣẹ́ epo pupa fífún tó ń ṣe ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ọgbẹ́. Kó ṣáà jókòó sílé, kó gbọ́ orin, ló ń fẹ́.

Salome ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Jésùtómi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Gideon gbé e lọ. Kò rántí pé ọjọ́ ìkórè ni. Àárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọrẹ ló gbé e kalẹ̀ sí. Wòlíì wọ́n omi àdúrà sí i, ó ní, "Ẹ bá Bùrọ́dà Gideon dúpẹ́! Ṣọ́ọ̀ṣì ti ní ẹ̀rọ!"

Ìjọ hó yèè. Ta ni yóò gba ọrẹ padà níwájú pẹpẹ? Gideon rọra ṣe àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orin ìsìn òwúrọ̀ láti inú ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń dún ketekete. Salome ò lè wojú ọkọ rẹ̀.

"Ó mà dùn o," ni Gideon wí. "Àṣé mo mọ̀ ọ́n ṣe."