Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò Nínú Ẹgbẹ́ Oníṣúgà

Ká ní Télọ̀ mọ̀ pé àbúrò òun wà nínú ẹgbẹ́ náà ni, kò ní gbé ẹsẹ̀ débẹ̀. Dókítà ló ní kó lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀, tó ń kó oògùn sínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó sì jẹ́ pé ìgbà tó bá ń wá bọ́tìnì ló máa ń rántí rẹ̀. Dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí.

"Màmá, oògùn nìkan ò lè dá a ṣe. Ẹgbẹ́ kan wà níbí, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Wọ́n jọ ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹun, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń tọ́jú ara. Ẹ lọ síbẹ̀."

Ó lọ. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, lẹ́yìn ilé ìwòsàn: àga oníke méjìlá tí wọ́n tò yípo, òṣùwọ̀n lẹ́bàá ògiri, àti aago kan tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá ju ti gbogbo ayé lọ. Ó ṣì ń wá ibi tí yóò jókòó sí nígbà tó rí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, oníbúrẹ́dì, tó gbé ìwé lé itan bí olórí kíláàsì.

Ọdún mẹ́fà ni wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ó ti dé," ni àbúrò wí. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá wí, afẹ́fẹ́ ni. "Ẹni tó mọ̀ ju dókítà lọ ti dé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Télọ̀ dé egungun, nítorí ó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà ba ẹsẹ̀ ìyá wọn jẹ́, tí àwọn dókítà ní àfi kí àwọn gé e, òun tó jẹ́ àkọ́bí ni wọ́n gbé ìwé fún pé kó fọwọ́ sí. Kò fọwọ́ sí i. Ó ní ìyá òun ò ní fi ẹsẹ̀ kan wọ sàréè. Lọ́jọ́ kọkànlá, ìyá fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ̀ ọ́. Ojú orórì ni àbúrò ti yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu, tó ń pe ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ ní "ìwọ."

Nọ́ọ̀sì tó ń darí ẹgbẹ́, ọmọbìnrin ọlọ́yàyà tí kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí, ní kí àlejò sọ ìdí tó fi wá.

"Dókítà ló ní kí n wá."

"Ìdí tiyín fúnra yín ńkọ́, Màmá?"

"Kí n tètè parí ẹ̀, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi."

Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-Bíréèkì nítorí ẹnu rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀ o. Gbogbo wa la fẹ́ tètè parí. Àìsàn yìí ni ò fẹ́ parí."

Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ẹnì kan lè máa gbé ẹnì kejì ró. Àwọn méjèèjì sọ ọ́ di pápá ìjà. Bí àbúrò bá ní òun ti fi kílò méjì fúyẹ́, Télọ̀ á ní, "Ẹ tún un wọ̀n. Oníbúrẹ́dì mọ bí wọ́n ṣe ń fi afẹ́fẹ́ kún nǹkan." Bí Télọ̀ bá ní òun ń rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, àbúrò á bi í pé, "Láti ibo débo? Láti ìdí ẹ̀rọ dé ìdí àwo?" Kò-sí-Bíréèkì á pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì á máa bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ ewúrẹ́ tó wọ oko àgbàdo.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n ní kí kálukú ka iye ṣúgà tó bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Télọ̀ ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un. Orí bẹ́ǹṣì ìta ló ti jókòó kọ ti ọjọ́ méje pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń kà á lọ geere nígbà tí àbúrò na ọrùn wo ìwé náà.

"Báírò kan náà, ìlà kan náà, ọjọ́ méje tí ọwọ́ ò yẹ̀. Irọ́ lo jókòó kọ."

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

"Ẹni tó bí wa lo pa."

Kò-sí-Bíréèkì pàápàá wolẹ̀. Télọ̀ ká ìwé rẹ̀, ó sọ báàgì kọ́ èjìká. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún fojú kàn ọ́ mọ́," ló wí, ó sì jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi lọ. Ìbínú ń gbóná nínú rẹ̀, ó ń fi tẹ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sì ń ṣẹ́. Kò-sí-Bíréèkì ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ di ṣòkòtò mú.

"Ẹ bá mi dín ìbàdí rẹ̀ kù. Ẹgbẹ́ ti jẹ mí kù díẹ̀." Ó wò yíká. "Àbúrò yín ní ẹ ò lè padà wá mọ́ láéláé. Ó ní òun mọ̀ yín, ẹ kì í parí nǹkan."

"Ó ní kí ni?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn.

Lọ́jọ́ náà, Nọ́ọ̀sì kó wọn jáde láti rin àgbàlá ilé ìwòsàn yípo. Télọ̀ ń sáré rìn kí àbúrò má bàa kọjá rẹ̀. Àbúrò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tí wọ́n yípo kejì, ó pariwo.

"Dúró."

"Ó rẹ̀ ọ́ ni? Lọ jókòó."

"Mo ní dúró! Kí ló ń kán sílẹ̀ lára bàtà rẹ?"

Télọ̀ bojú wẹ̀yìn. Lórí sìmẹ́ńtì, àmì pupa rúsúrúsú tò lé ara wọn, kò ju orí bọ́tìnì lọ, títí dé abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kò gbọ́ ìrora kankan.

"Omi ni."

Àbúrò ti kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ bọ́ bàtà yín."

Télọ̀ gbọ́ "ẹ" yẹn. Ọdún mẹ́fà. Ó dẹ́rù bà á ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Abẹ́rẹ́ olórí róbótó, irú èyí tó fi ń di aṣọ mú kó tó rán an, ti gba ìtẹ̀lẹ̀ bàtà wọ ẹran ara lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ìka méjì ti dúdú.

"Ọjọ́ wo ló gún ọ?"

"Mi ò mọ̀. Kò dùn mí."

"Kò dun Ìyá náà," ni àbúrò wí, ó sì bú sẹ́kún ìbínú.

Dókítà ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí wọ́n bá gé ìka méjèèjì lónìí, ẹsẹ̀ á kù. Wọ́n gbé ìwé síwájú Télọ̀. Àbúrò fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ mọ́ra.

"Fọwọ́ sí i."

"Jáde fún mi."

"Mi ò ní jáde. Mo jáde nígbà tìjọ́sí, mo lọ yọ búrẹ́dì nínú ààrò. Kí n tó padà dé, o ti lé dókítà lọ."

Télọ̀ wo ìwé náà títí. "Ìyá ló ní kí n má fọwọ́ sí i," ló wí níkẹyìn. "Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ò fẹ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ, pé o máa sunkún títí òun á fi gbà."

"Irọ́ ni."

"Gbà á bí irọ́."

"O wá gbé e mì fún ọdún mẹ́fà? O jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní apànìyàn?"

"Ìyá mi ló ní kí n má sọ."

"Ìyá tèmi náà ni!" Ó gbá ilẹ̀kùn lẹ́ṣẹ̀ẹ́. "Ó yẹ kó o sọ fún mi! Ǹ bá sunkún. Ǹ bá sunkún títí á fi gbà, á sì wà láàyè!"

Télọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó mú báírò, ó fọwọ́ síwèé.

Wọ́n gé ìka méjèèjì, ẹsẹ̀ kù. Kò sí ìdìmọ́ra, kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ parí, Télọ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn, ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ láràárọ̀ bó ṣe rí gan-an, ì báà burú. Àbúrò ò sì dìde fún un rí pé kó jókòó.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí oníbúrẹ́dì bá ti pín búrẹ́dì tán, á yà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò ní kí i. Á fa àpótí kan, á jókòó.

"Gbé e sókè."

"Aláìlójútì. Ṣé ilé ẹ lo wà ni?"

"Mo ní gbé e sókè."

Télọ̀ á ṣépè díẹ̀, á sì gbé ẹsẹ̀ lé e lórí itan. Àbúrò á fi ìka la àárín ọmọ ìka mẹ́ta tó kù, á tẹ ìgìgísẹ̀, á wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa ní ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Á ju ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni ju igi, á sì bá tiẹ̀ lọ.