Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Wa Kí Àgbà

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé Déọlá. Ó ti gbé kámẹ́rà dání, ó ti ń múra àtiyàwòrán, ṣùgbọ́n bó ṣe ká aṣọ ojú ilẹ̀kùn yàrá sókè báyìí ni òórùn náà gbà á nímú. Màmá Matilda jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi ìró bo ẹsẹ̀ òsì, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì sí i tayọ̀tayọ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ará Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ara le?"

"Adúpẹ́."

Déọlá ò tẹ́tí sí adúpẹ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ìró kúrò. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ti dúdú, ọgbẹ́ àárín wọn ń ṣomi, ẹsẹ̀ sì ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ rèé o, ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún títí pé kò gbọdọ̀ fi egbò ẹsẹ̀ ṣeré. Déọlá gbójú sókè wo ògiri. Àpótí kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn, bó ṣe tàn lórí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tó ń mu tíì.

"Ẹ tẹ ewé láàárọ̀ yìí, Màmá."

"Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbàgbé rí."

Màmá Matilda ni ẹ̀gbọ́n ìyá Déọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìbẹfun. Àwọn ni wọ́n tọ́ Déọlá láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí wọ́n rán an lọ sílé ìwé, tí wọn ò bínú nígbà tó ní iṣẹ́ ọnà lòun fẹ́ kọ́, kì í ṣe òfin. Àwọn ọmọ tí Màmá bí wà ní Kánádà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Déọlá àti Gilbert, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fẹ́ ṣe ohun tó máa tún ayé àwọn àgbà ṣe, ọ̀rọ̀ Màmá ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ajíire ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà. Bọ́tìnnì méjì ló ní. Àgbà tó bá jí ire yóò tẹ ewé, èyí tí ara rẹ̀ ò bá yá yóò tẹ pupa, ọmọ rẹ̀ yóò sì rí i lórí fóònù níbikíbi tó bá wà. Ẹ̀rọ tó rẹwà ni, ó mọ́ níwọ̀n, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Wọ́n ti fi sí ọ̀pọ̀ ilé láti Ìbẹfun títí dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta àti Èkó, wọ́n fẹ́ wò ó bóyá kí wọ́n gbé e kárí gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Fíìmù tí wọ́n máa fi hàn wọ́n ni Déọlá wá yà lọ́dọ̀ Màmá.

Láti ìgbà tí Ajíire ti dáyé, kò tíì sí àgbà kan tó tẹ pupa. Gilbert a máa fi yangàn níbi ìpàdé, a máa sọ pé ọkàn àwọn àgbà ti balẹ̀, ara wọn sì ti le sí i.

Kò sì yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ta ni nínú wa tó ń fi àìsàn dáhùn ìkíni? Èèyàn lè máa gbọ̀n lọ́wọ́ ibà, bí wọ́n bá bi í pé ṣé dáadáa ló jí, adúpẹ́ ni yóò wí. Ó di ìgbà tí àlejò bá jókòó, tó mu omi, tí ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ọjà bá ti lọ tó ti bọ̀, kí òótọ́ tó yọjú. Déọlá mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó ń ya àwòrán Ajíire lórí kọ̀ǹpútà, kò rántí. Ó ṣe ẹ̀rọ tó mọ ìkíni, kò ṣe èyí tó mọ ìjókòó.

Dókítà tó wò wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ìka méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò kí ẹsẹ̀ má bàa bá wọn lọ, pé ká ní wọ́n ti tètè gbé ìyá wá ni, oògùn lásán ni ì bá kápá rẹ̀. Ó bi Déọlá pé ta ló ń tọ́jú wọn nílé. Déọlá wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gé ìka náà tán, tí ojú Màmá ti wálẹ̀, Déọlá fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi tẹ pupa.

"Pupa kẹ̀?" Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí n jí ní kùtùkùtù, kí n tó gbàdúrà, kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ pé kò dáa fún mi?" Ohùn wọn wá lọ sílẹ̀. "Àti pé o ti sọ fún mi pé àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ilé tèmi ni pupa ti máa kọ́kọ́ jáde. Mo ní kí wọ́n lọ tán ná."

Déọlá dìde, ó ní òun fẹ́ ra omi. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ló lọ, ó sì sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Kó tó di pé ó fi Ajíire sílé Màmá, kì í sí Sátidé tí kì í lọ sí Ìbẹfun. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ó ń rí ewé láràárọ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti kí ìyá òun. Sátidé di ọjọ́ iṣẹ́.

Ohun tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nílẹ̀. Fàtímọ̀ aránṣọ, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Màmá, a máa wọlé wá kí wọn láràárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun ló máa ń wo ẹsẹ̀ wọn, tó sì máa ń bá wọn gé èékánná. Déọlá fúnra rẹ̀ ló dá a dúró. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó ní Àǹtí Fàtímọ̀ ti ṣe é tó, kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, ẹ̀rọ yóò máa bá wọn kí Màmá. Ó rò pé oore lòun ń ṣe.

Nígbà tó pe Gilbert, Gilbert kẹ́dùn gidi, ó béèrè ohun tí òun lè ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá sọ tẹnu rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, Déọlá, má sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Jẹ́ ká gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àlejò ná, a ó wá tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni nǹkan yìí máa wúlò fún."

Gilbert kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ba Déọlá lẹ́rù ni pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí òun pẹ̀lú.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ó padà sí Ìbẹfun láti kó aṣọ Màmá. Fàtímọ̀ jókòó níwájú ilé, ó ń tú ojú rírán búbá kan. Ó kí Déọlá, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Déọlá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó ní òun ni òun pa ìka Màmá, kí Àǹtí dárí jì òun. Fàtímọ̀ gbé búbá náà lé itan.

"Mo rò pé mo ṣẹ Màmá ni," ó wí. "Mo rò pé àwọn ni wọ́n rán ọ, pé kí o fọgbọ́n lé mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà lọ sọ́jà látìgbà náà, kí wọ́n má bàa rí mi kí wọ́n bínú." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Dìde. Wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n wà?"

Déọlá ì bá fẹ́ kó bú òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó múra, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì ṣí fóònù. Yàtọ̀ sí ilé Màmá, gbogbo ilé tí Ajíire wà ló ti tẹ ewé. Àná òde yìí, ìran yẹn ì bá mú un rẹ́rìn-ín. Lónìí, ẹ̀rù ló bà á. Ó kọ̀wé sí Gilbert pé kó sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Màmá fún àwọn àlejò, pé bí kò bá lè sọ ọ́, òun yóò wá sọ ọ́ fúnra òun bí òun bá dé, ṣùgbọ́n òun ní ibi tí òun ń lọ ná. Ó yí orí mọ́tò sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Gbàdàmọ́sí, àgbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ló kọ́kọ́ yà sí. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ta nìyẹn?"

"Déọlá ni, sà. Èmi tí mo gbé ẹ̀rọ wá. Ẹ jí ire bí, sà?"

"Adúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun."

Déọlá fa àpótí kan, ó jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò tó falẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ tí màlúù jẹ, wọ́n dé orí ọmọ Bàbá tó wà ní Ìbàdàn. Gilbert pè, ó tún pè. Déọlá pa fóònù lóhùn, kò dìde. Bàbá nawọ́ pa rédíò.

"O ò ní bínú bí mo bá sọ nǹkan kan?" Bàbá wí.

"Mi ò ní bínú, sà."

"Ojú ọ̀tún ti kú pátápátá. Tòsì náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ṣe ni mo ń fọwọ́ tá ògiri kí n tó rí bọ́tìnnì yín yẹn."

"Ṣé ọmọ yín mọ̀, sà?"

"Ewé ló ń rí. Inú rẹ̀ sì ń dùn."

Déọlá gba nọ́ńbà ọmọ náà, ó pè é lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e, ìró ọjà pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ pé ilé bàbá òun ni wọ́n ti ń pe òun, ó sì béèrè bí gbogbo ayé ti ń béèrè:

"Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Nǹkan wà, sà," Déọlá dá a lóhùn. "Ẹ máa bọ̀ nílé."